Tọ́ọ̀pù sílíńdà àbí kámúṣáàfù: èwo ló yẹ kẹ́ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí?

Àbúrò kan pè mí láti Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn lálẹ́ Fúráìdé, kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti tu owó díẹ̀ jọ o, mo fẹ́ kí mọ́tò mi lágbára sí i fún eré autocross. Ẹnì kan lóun lè bá mi gbé kámúṣáàfù ńlá wọlé láti Amẹ́ríkà, ẹlòmíì ní kí n má dá a lóhùn, kí n lọ ra tọ́ọ̀pù VTEC ní Gate. Èwo ni kí n ṣe?” Ẹ̀bà wà níwájú mi. Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun ná. Ìgbà tí mo fọwọ́ tán ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò lè wọnú fóònù, bẹ́ẹ̀ òun nìkan kọ́ ló ń bi mí, ẹni bíi mẹ́rin ti bi mí láàárín oṣù méjì, ni mo bá jókòó kọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, tọ́ọ̀pù ni orí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù wà nínú ẹ̀, kámú (kámúṣáàfù) ni irin tó ń yí lókè ibẹ̀ tó ń ṣí àwọn fáàfù, VTEC sì ni ọgbọ́n Honda tó ń jẹ́ kí kámú kan ṣe iṣẹ́ kámú kékeré àti ńlá. Mọ́tò tí àbúrò yìí ní ni Honda Civic LX 1998, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, gíà ọlọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì D16Y7. Irú ẹ̀ gan-an lèmi náà ń wà, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ láìfi nǹkan kan sábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀yin oní-Golf àti oní-Corolla, ẹ má tíì lọ o, tiyín wà nísàlẹ̀, ìdáhùn yín sì yàtọ̀.

Eré wo là ń sọ ná?

Autocross ò jọ eré tí wọ́n ń fi mọ́tò ńlá ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin àti aago, ilẹ̀ gbalasa tó ní kọ̀ǹkéré tàbí ọ̀dà, kóònù tí wọ́n tò síbẹ̀ tẹ́ẹ máa lọ́ mọ́ra wọn láìgbá ọ̀kankan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCCA tó ń ṣètò ẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò yín fún kóònù kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ bá gbá. Àwa mélòó kan tá à ń ṣe é n'Ìbàdàn níbí, gálọ́ọ̀nù òróró tá a rọ yanrìn sí la fi ń ṣe kóònù, lórí ilẹ̀ tí wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì sí tí ọ̀gá kan yọ̀ǹda fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá sì gbá gálọ́ọ̀nù òun ló máa lọ gbé e dìde, yanrìn ẹ̀ wúwo, ìyà tó tó nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mú níbẹ̀ ni pé gíà kejì lẹ máa fi ṣe fẹ́ẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì wọ kọ́nà, ọwọ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á já wá sí 3000 tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ tọ́ùtù, ó ń gòkè lọ, kó tó dé 6500 kọ́nà míì ti dé. Ibi tẹ́ẹ ti ń jèrè tàbí pàdánù àkókò ni ìgbà tẹ́ẹ ń jáde nínú kọ́nà, láàárín 3000 sí 5500 níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá jẹ́ pé 6000 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun, kóònù ti tán kó tó jí. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo dúró sí sọ ọ́.

Honda ti bá wa ṣe ìfiwéra yìí tẹ́lẹ̀

Èyí ló máa ń jọ mí lójú. Civic LX ọdún yẹn, D16Y7, họ́ọ̀sìpawà 106. Civic EX ọdún kan náà, D16Y8, họ́ọ̀sìpawà 127. Ẹ ṣí ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì wò, ihò písítìnì jẹ́ 75 mm, ìrìn písítìnì 90 mm, méjèèjì jẹ́ 1590 cc. Ìfúnpọ̀ wọn, ìyẹn ìlọ́po tí písítìnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀, ò tiẹ̀ jìnnà síra, 9.4 fún LX, 9.6 fún EX. Níbo wá ni 21 yẹn ti wá? Lókè ni. Tọ́ọ̀pù ẹ̀, kámú tó wà nínú ẹ̀, àti manifold tó ń gbé atẹ́gùn wá. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà fúnra wọn ló ṣe é, wọ́n sì dán an wò kó tó jáde, ó sì ń lo bréènìbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) tó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí kámú ń ṣe ni pé ó ń ṣí fáàfù, ó sì ń jẹ́ kó tì. Bó ṣe ṣí i jìnnà sí ni wọ́n ń fi mm kà, bó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ni wọ́n ń fi dígírì kà. Tọ́ọ̀pù ni ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ fojú inú wo géètì ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tí màlúù àti tòmátì jọ dé, ẹ lè ní kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣí i gbayawu kó má tì í mọ́, bí ojú ọ̀nà inú bá há, tí àwọn alágbàárù ti dí i pa, kí ni géètì fẹ́ ṣe sí i? Bó ṣe rí nìyẹn tẹ́ẹ bá gbé kámú ńlá sórí tọ́ọ̀pù tí fáàfù ẹ̀ ń jò, tí èédú ti sùn sí.

Kámú: ohun tó dùn nínú ẹ̀ àti ohun tó korò

N ò kórìíra kámú o. Ohun tó dára jù nípa ẹ̀ lórí Civic wa ni pé ẹ ò ní tú tọ́ọ̀pù kúrò. Ẹ yọ kọ́fà òkè, ẹ yọ bẹ́líìtì táímìn, ẹ tú àwọn apá rókà (irin tí kámú fi ń ti fáàfù) pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kámú á jáde lókè. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé ẹnì kan wá. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè ṣe é láàárọ̀ kí mọ́tò wálé lálẹ́. Tó bá sì sú yín, ẹ lè dá ti àtijọ́ padà, èyí tí wọ́n bá fá lára tọ́ọ̀pù kò lè padà sí i mọ́ láé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Kámú tó bá pẹ́ ní ṣíṣí, fáàfù tó ń fa atẹ́gùn wọlé àti èyí tó ń lé èéfín jáde á jọ wà ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀. Tí RPM bá ga, ìyẹn dáa, èéfín tó ń sáré jáde á fa tuntun wọlé. Tí RPM bá wà nílẹ̀, èéfín á padà sínú manifold, mọ́tò á máa gbọ̀n lórí sílò (ìgbà tẹ́ẹ ò tẹ tọ́ùtù) bí ẹni ibà ń ṣe, ìfà tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ á dínkù, ẹ̀yin tẹ́ẹ ti tẹ bíréèkì mọ́tò tí búsítà ẹ̀ kú rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ wá fi ìyẹn sínú gosílóò Ìwó Road ní ago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, AC ń ṣiṣẹ́, tàbí kẹ́ẹ kó èèyàn mẹ́rin gun òkè Màpó pẹ̀lú ẹ̀. Mọ́tò tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà lẹ fi ń sá kóònù lọ́jọ́ Àìkú, a ò tíì lówó méjì.

Tẹ́ẹ bá ní dandan kámú lẹ fẹ́, ẹ mú kékeré inú wọn, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní ti ojú títì, kẹ́ẹ jìnnà sí èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tí kì í sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ 5000. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá ní kí wọ́n gba èyí tó kéré, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn fi owó ṣòfò ni. Rárá o. Kóònù ni mo fẹ́ kẹ́ẹ borí, kì í ṣe ariwo sílò níwájú ilé ọtí.

Owó kámú fúnra ẹ̀ kì í ṣe òpin owó, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń kó sí gọ́tà. Sípíríǹgì fáàfù àtijọ́ tó ti ń tẹ̀ láti 1998 ò ní lè tì í padà kíákíá, ẹ máa ra tuntun. Gíà kámú tó ṣeé yí díẹ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ máa fẹ́ ẹ. Bréènìbọ́ọ̀sì 98 wa yìí jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní OBD2, kò fẹ́ràn kí wọ́n tún un kọ, ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á wá bréènìbọ́ọ̀sì P28 ti àwọn Civic tó ṣáájú, wọ́n á fi wáyà tó ń so méjèèjì pọ̀ sí i, wọ́n á ki chip sínú ẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ chip ọ̀hún á wá jókòó tì í pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Ẹ ka àwọn tó lè ṣe ìyẹn n'Ìbàdàn, ìka yín á ṣẹ́kù. Dọ́là lẹ ó fi san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, tòun ti owó àwọn tó ń bá yín gbé e wọlé. Ìgbà tí mo ṣírò tèmi, àwọn wéré-wèrè yẹn lápapọ̀ ju owó kámú lọ.

Ewu kan tún wà. Ẹ́ńjìnnì Honda yìí, tí táímìn bá ṣìṣe tàbí tí bẹ́líìtì bá já, fáàfù á gbá písítìnì, yóò sì tẹ̀. Kámú tó ń ti fáàfù jìnnà sí i tún ń dín àyè àárín wọn kù. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n á fi amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi fi ń mọ nǹkan sórí písítìnì, wọ́n á gbé tọ́ọ̀pù lé e, wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á gé amọ̀ náà kí wọ́n wo bó ṣe nípọn tó níbi tó fẹ́lẹ́ jù. Nǹkan bí 2 mm níbi fáàfù atẹ́gùn àti 2.5 mm níbi fáàfù èéfín làwọn tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ kó kù, ó kéré tán. Ẹ sì rántí o, Honda yìí kì í yí bíi tàwọn mọ́tò yòókù, apá òsì ló ń yí sí tẹ́ẹ bá kọjú sí gíà táímìn ẹ̀. Ẹ wá rí nǹkan, tẹ́ẹ bá fẹ́ fi amọ̀ wọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ máa ṣí tọ́ọ̀pù náà ni, bẹ́ẹ̀ ohun tá a fi yin kámú lẹ́ẹ̀kan ni pé kò ní ká ṣí tọ́ọ̀pù.

Tọ́ọ̀pù: ọ̀nà mẹ́ta, ẹyọ kan ni n ò ní gbà yín níyànjú

Ọ̀nà kìíní ni pé kẹ́ẹ tún tọ́ọ̀pù tẹ́ẹ ní ṣe. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ irin, kí wọ́n gé ojú ìjókòó fáàfù ní ìgun mẹ́ta dípò kí ẹnì kan kàn fi ọwọ́ lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi síìlì fáàfù tuntun sí i, kẹ́ẹ fi fáìlì pẹ̀lẹ́ yọ àwọn irin wẹ́wẹ́ tó yọrí níbi tí manifold ti pàdé tọ́ọ̀pù. Kò pọ̀, kò sì dún. Àmọ́ mọ́tò tó ti sá kìlómítà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí aago ẹ̀ ti ṣẹ́ kó tó kúrò ní ọkọ̀ ojú omi, ìdajì agbára tẹ́ẹ rò pé ẹ fẹ́ rà ló ti ń jò jáde lójú fáàfù.

Lórí fífá ojú tọ́ọ̀pù, ẹ ṣọ́ra gidi. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fá a dáadáa kí ìfúnpọ̀ lè ga. Honda ní tọ́ọ̀pù yìí ga ní 93 mm, wọn ò sì gbà kí wọ́n fá ju 0.2 mm lọ lára ẹ̀. Mo ti ṣe ìṣirò ẹ̀ lórí bébà, 0.2 mm yẹn á kàn gbé 9.4 dé nǹkan bí 9.5, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lára ìjókòó. Ẹni tó bá fá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kámú ti sún mọ́ gíà ìsàlẹ̀, táímìn ẹ̀ ti fà sẹ́yìn díẹ̀, fáàfù ti sún mọ́ písítìnì, àti pé lórí epo tá à ń rà ní fílíńsìteṣọ̀n wa yìí lọ́sàn-án gangan, ẹ́ńjìnnì á máa nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé epo á máa gbiná lódì nínú ẹ̀. Ẹ fá a kó lè tẹ́jú, ó parí síbẹ̀. Tí ojú ẹ̀ ò bá wọ́ ju 0.05 mm, ẹ má fá a rárá.

Ọ̀nà kejì, èyí tí mo fọwọ́ sí, ni kẹ́ẹ gbé tọ́ọ̀pù D16Y8 tòkúnbọ̀ lódindi sórí bulọ́ọ̀kù tẹ́ẹ ní. Kámú ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Sípíríǹgì ẹ̀ wà nínú ẹ̀. VTEC ẹ̀ ni pé kámú yẹn ní èbú (ibi tó yọ gọnbu tó ń ti fáàfù) kékeré àti èbú ńlá fún fáàfù atẹ́gùn, lórí RPM ìsàlẹ̀ kékeré ló ń ṣiṣẹ́, sílò á dúró jẹ́jẹ́, bíréèkì á fúyẹ́, tó bá gòkè bréènìbọ́ọ̀sì á ṣí ọ̀nà epo ẹ́ńjìnnì, epo á ti pín-ìn kan wọlé, pín-ìn náà á so àwọn apá rókà pọ̀ mọ́ èbú ńlá. Ohun tí ẹni tó ń ra kámú ńlá ń wá gan-an nìyẹn, láìsí ìyà ìsàlẹ̀. Ká kúkú sọ pé kámú méjì lẹ rà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ kó máa gbẹ́ inú ihò atẹ́gùn kó gbòòrò. Ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Ihò tó bá tóbi jù, atẹ́gùn á rọra rìn nínú ẹ̀, agbára ìsàlẹ̀ tá a nílò nínú kóònù á lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìrìn atẹ́gùn, ẹni tí kò ní in àbá ló ń dá, nígbà míì á gbẹ́ ẹ kan omi.

Ní Gate

Ọjà Aráròmí ní Agodi Gate lẹ ó lọ. Ẹ jí lọ, kí oòrùn tó le, nítorí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Tọ́ọ̀pù tò lórí ara wọn bí iṣu, òróró dúdú ń kán lára wọn, ẹnì kan á ti na ọwọ́ sí yín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, tòkúnbọ̀ gidi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u lálẹ́ àná ni.” Gbogbo wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lálẹ́ àná.

Ẹ mú irin tó gún régé lọ́wọ́, àti fíílà gééjì (àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo). Ẹ gbé irin náà lé ojú tọ́ọ̀pù, lóròó, níbùú, láti igun sí igun, ẹ wò ó bóyá ewé 0.05 wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, ẹ bu petiróò díẹ̀ sínú ihò atẹ́gùn nígbà tí àwọn fáàfù ibẹ̀ wà ní títì, ẹ ka ọgọ́ta. Tó bá ń rọ̀ wá sójú fáàfù bí omijé, ó ń jò nìyẹn, ìyẹn ṣeé tún ṣe, ẹ fi ná owó ẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni kíreékì. Ẹ nu ojú àárín fáàfù méjì àti itòsí ihò púlọ́ọ̀gì dáadáa kẹ́ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i.

Mo sọ ọ́ torí ojú mi ti rí i. Tọ́ọ̀pù tí mo kọ́kọ́ rà, ojú ẹ̀ ń dán, ẹni tó tà á fún mi ti fi waya búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo sanwó, mo gbé e sí bútù, inú mi ń dùn. Ọjọ́ kẹta tí mọ́tò dìde, mo fa dípísíìkì yọ, ohun tó wà lórí ẹ̀ dà bí ògì tí wọ́n po mílíìkì mọ́. Omi ti wọnú epo. Kíreékì kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù èéfín sílíńdà kejì. Mo padà lọ, ó ní òun ò rí mi rí.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó sanwó tán, a jọ máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dí ihò omi ẹ̀ pa, tí wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, wọ́n á rì í sínú agbada omi gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí fọkanáísà ṣe ń wá ibi tí táyà ti jò. Ìfófòó kan bá ti ń jáde, olówó á gba tọ́ọ̀pù ẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ pé òun ò ní jẹ́ kẹ́ẹ ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀, ẹlòmíì wà ní ìsọ̀ kejì.

Kẹ́ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba gbogbo ohun tó bá a wá. Sòlẹ́nọ́ìdì VTEC (ohun oníná tó ń ṣí ọ̀nà epo yẹn) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, manifold atẹ́gùn ẹ̀, disitríbútọ̀ ẹ̀, bréènìbọ́ọ̀sì ti EX, àti ìkọ́ wáyà tó so mọ́ sòlẹ́nọ́ìdì náà, kí wọ́n fi wáyà gígùn díẹ̀ sí i lára. Tẹ́ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀ lónìí, lọ́la iye ẹ̀ á yàtọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti Y8 ni kẹ́ẹ rà, tuntun, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Bẹ́líìtì táímìn, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ẹ ka eyín wọn kí wọ́n tó kì í bọ̀ ọ́. Kí ríwáyà tó mọ Honda ló fa wáyà VTEC lọ sí bréènìbọ́ọ̀sì, wáyà méjì péré ni, àmọ́ mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ họ́ọ̀nù.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dè é

Bóòtù mẹ́wàá ló ń de tọ́ọ̀pù yìí, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́: 20 Nm yí gbogbo ẹ̀ ká, lẹ́yìn náà 49, lẹ́yìn náà 67, kí wọ́n tún fi 67 yẹ àwọn ti àárín wò. Torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí wọ́n ṣe de nǹkan le tó ní Nm, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mo bá bàbá tó ń tún tèmi ṣe fà á gan-an lórí ìyẹn.

“Bàbá, torque wrench ńkọ́?”

“Àbúrò, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ọwọ́ dè é. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ kàn bá mi fi èyí dè é kí ọkàn mi lè balẹ̀.”

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi dé bóòtù kẹta, ó ké kọ̀ọ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ó ń sọ̀rọ̀!” Láti ìgbà yẹn ló ti ń yá a lọ́wọ́ mi, lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló wà, bóyá n ó tún rí i.

Àyè tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo kékeré tó wà láàárín rókà àti fáàfù), ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù: 0.18 sí 0.22 mm fún ti atẹ́gùn, 0.23 sí 0.27 fún ti èéfín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un pọ̀ kó má baà dún, fáàfù tí kò tì dáadáa á jóná.

Ẹ̀yin oní-Golf, ẹ̀yin oní-Corolla

Golf 3 oní-fáàfù mẹ́jọ, mo yí ọ̀rọ̀ padà: kámú ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹyọ kan ló ní, ó jókòó lókè gbọnrangandan, tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń fi epo ṣàtúnṣe ara ẹ̀, kò sí pé à ń wọn àyè. Kámú kékeré tó gbóná díẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ ń bá ẹ́ńjìnnì yẹn lára mu nítorí ó lágbára nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan tẹ́ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé: tí wọ́n bá de kámú tuntun tán, ẹ má sítáàtì mọ́tò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí tápẹ́ẹ̀tì lè jókòó. Mẹkáníìkì á fẹ́ sítáàtì ẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn ẹ̀. Ẹ fún un ní owó mínírà, kó lọ ra á, kó rọra bọ̀. Tọ́ọ̀pù lórí Golf, bóòtù tuntun lẹ gbọ́dọ̀ fi dè é, torí wọ́n máa ń fà.

Corolla 4A-FE, ẹ̀yin ni mo káàánú jù. Ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ẹ gbé tọ́ọ̀pù 4A-GE lé e. Orúkọ wọn jọra, àmọ́ fáàfù FE dúró ní igun 22.3 dígírì síra wọn, ti GE jẹ́ 50, wọn ò fi ojú kan náà wo písítìnì. Owó tẹ́ẹ máa fi mú méjèèjì gbọ́ra yé, ẹ fi wá odindi ẹ́ńjìnnì GE. Tí kò bá sí, ẹ tún tọ́ọ̀pù tẹ́ẹ ní ṣe, kẹ́ẹ ra táyà tó dáa, ẹ ó lé àwa oní-VTEC bá.

Àti pé tó bá di ọjọ́ kan tẹ́ẹ fẹ́ máa tẹ̀lé òfin SCCA pátápátá, kíláàsì Street wọn ò gba kámú míì rárá, mọ́tò yín á bọ́ sáàárín àwọn tó ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó gbàgbé: ẹ wọ̀n ọ́n ná

Kò yẹ kó jẹ́ ìsàlẹ̀ ni mo fi èyí sí. Kẹ́ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi gééjì tó ń ka psi wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́ńjìnnì gbóná, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin jáde, tọ́ùtù ní títẹ̀ dé ilẹ̀, ẹ yí i pẹ̀lú kíì. Honda fẹ́ kó ju 135 psi lọ, kí èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù má sì jìnnà síra ju 28 psi. Èyí tó bá kéré, ẹ da epo ẹ́ńjìnnì ṣíbí kékeré kan sí i kẹ́ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, ríìnì (òrùka ara písítìnì) ló ti jẹ, ìsàlẹ̀ ni. Tí kò bá gòkè, fáàfù ni, òkè ni. Tọ́ọ̀pù VTEC tuntun lórí ríìnì tó ti jẹ, èéfín búlúù lẹ rà.

Àbúrò mi ti Ọ̀jọ́ọ̀ ṣe é ní Sátidé, ó ya gééjì náà sórí WhatsApp fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. 178. 175. 120. 176. Mo ní kó da epo sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

“Ẹ̀gbọ́n, 160.”

Mo ní kó pe mẹkáníìkì ẹ̀ kó bi í léèlò ni ríìnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ gbé kámú wọlé ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn, ó ní àpótí ti fẹ́ kún, kó tètè sanwó. Mo ní kó pa fóònù.